Ọ̀wẹ̀ Àna Tí Safourath Kọ̀ Láti Yẹ̀ Wò

Ẹ má bá mi sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó wà ní èbúté ẹ̀yìn Bobè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń pariwo "Àmúwá Ọlọ́run! Àmúwá Ọlọ́run!" nígbà tí awọ ọwọ́ Aminatou ń bó bí èèpo iṣu sísè.

Ọlọ́run kọ́ ló de délíkò burúkú mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ènìyàn ló dè é. Ènìyàn tó ní orúkọ, tó ní garáàjì, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá kí ìyá ọmọ, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìtàn Safourath ni mo fẹ́ sọ fún yín, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ní 1996. Kì í ṣe bí àwọn àgbà kan ní Bantè, ìlú wa nílẹ̀ Benin, ṣe ń sọ ọ́ nísinsìnyí kí ìtìjú má bàa kàn wọ́n.

Safourath ń ta iṣu. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Moudachirou, kú, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ló fi sílẹ̀ fún un: ọkọ̀ onípákó, tó gbòòrò, tó lè gba iṣu, ewúrẹ́, alùpùpù àti èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá fẹ́ kọjá odò ẹ̀yìn Bobè á ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, á fẹsẹ̀ rìn kọjá. Nígbà òjò, omi á kún, á bo ọ̀nà, àwọn abúlé òdìkejì á wá dá wà bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Aboyún, aláìsàn, oníṣu, olùkọ́, ọkọ̀ Safourath ni gbogbo wọn gbójú lé.

Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Onísìlíńdà mẹ́fà ni, ẹsáǹsì, ìyẹn epo pẹtiróòlù, ló sì ń mu bí ẹni tó rin aginjù dé. Àpótí pákó ni wọ́n fi bò ó láàárín ọkọ̀. Orí àpótí yẹn ni Aminatou máa ń jókòó sí láti yí kọ́kọ́rọ́, kó sì wa ọkọ̀. Aminatou nìkan ni Safourath bí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà kó tó kú.

Plàtínẹ́ ni ọ̀tá wọn. Irin kékeré méjì ni, inú délíkò ló ń gbé, ìyẹn àgò tó ń pín iná fún àwọn bùjí tó ń tanná sí epo. Irin méjèèjì á fara kanra, wọ́n á tún yàra wọn, iná á ta, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìrì tàbí òjò bá ti kàn wọ́n, wọ́n á dípẹtà. Àràárọ̀ ni Safourath ń fi ìwé oníyanrìn ha wọ́n, tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ alágídí kó jẹun.

Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì kú láàárín odò. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ. Màdáàmù Thècle, olùkọ́ ilé-ìwé tó máa ń bá wọn kọjá, dìde dúró, ó ń ka àdúrà Màríà ní èdè Faransé, àwọn obìnrin mùsùlùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe "Àmín! Àmín!" láì mọ ohun tó ń wí. Ẹ̀ka igi kan ló gbà wọ́n sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ò jẹ́ kí Safourath sinmi lọ́jà.

"Ìyá Aminatou, ṣé Bobè ni ọkọ̀ yín ń lọ lónìí, àbí Kútọnu?"

"Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ká lè di ẹrù òkun!"

Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Inú rẹ̀ ń gbóná. Obìnrin tí ìtìjú ń dùn ju ikú lọ ni Safourath, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ibi tí ìtìjú yẹn là sílẹ̀ ni Kabirou gbà wọlé.

Sanoussi, àbúrò Safourath, ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ ọ̀sà ní Kútọnu. Nígbà tó gbọ́ bí omi ṣe gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó wá délíkò tuntun, ó fi páálí dì í, ó fi rán awakọ̀ kan. Ó ní kí awakọ̀ náà sọ fún un pé:

"Èyí kò ní plàtínẹ́ rárá. Ẹlẹtirọníìkì ni. Ti ọkọ̀ ojú omi gan-an ni. Ẹ wá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, kó bá yín dè é."

Mẹkáníìkì wo ló kù tí Safourath máa wá? Mẹkáníìkì ni Kabirou, ó sì ń wá Aminatou fẹ́. Savalou ni garáàjì rẹ̀ wà. Ó ń sọ Máhì, ó ń sọ Yorùbá, ó ń sọ Faransé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bákan náà. Nígbà tó rí páálí náà, ojú rẹ̀ tàn.

"Ìyá, ẹ gbọ́ ná. Oṣù yìí ni mo fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ mi wá fún ọ̀wẹ̀ àna. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi ebè ṣe? Iṣu kún ilé yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ọ̀wẹ̀ tèmi. Ìgbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, á dáhùn. Òjò ni o, ìrì ni o, á dáhùn!"

Safourath gbé páálí náà lé e lọ́wọ́. Ó ti ń rí ara rẹ̀ ní èbúté. Ó ń rí àwọn ẹlẹ́yà tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀.

Ó yẹ kí n rán yín létí àṣà wa, torí òun ló fa gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ẹni á kó ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n á kọ ebè sóko àwọn òbí ọmọ. A ó gúnyán fún wọn, a ó dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó ń tọ ebè àna lẹ́yìn láti wò ó bóyá ó jìn, bóyá wọ́n fi erùpẹ̀ bo kùkùté mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá yẹ ọ̀wẹ̀ àna wò ti pe àna rẹ̀ lólè lójú gbangba. Ìgbéyàwó mìíràn ti tibẹ̀ tú.

Àṣà tó dára fún ebè nìyẹn. Ebè kì í jóni.

Aminatou ò fẹ́. Ó tọ ìyá rẹ̀ lọ sí ìdí ìkòkò.

"Ìyá, ọkùnrin yìí ò wù mí."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò."

"Ṣé ojú lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọkọ?"

"Ìyá, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ọkùnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní garáàjì, tó ń pè mí ní ìyá kó tó fẹ́ ọ. Kí lo tún ń wá? Lọ gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Kabirou kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti Savalou, wọ́n ń fi Máhì ṣàwàdà láàárín ara wọn. Safourath gúnyán, ó pa adìẹ. Wọ́n ta tapólì yí àpótí ẹ́ńjìnnì ká, bí ẹni ń bo obìnrin tó ń rọbí.

Aminatou sún mọ́ wọn. "Jẹ́ kí n wo bí o ṣe ń dè é. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ náà."

Kabirou rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ọbẹ̀ ń pè ọ́."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aminatou ò kúrò. Ìyá rẹ̀ ló wá fà á lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ dójú tì mí ni? Ọ̀wẹ̀ àna lo fẹ́ máa yọjú wò?"

Nígbà tí wọ́n ṣí tapólì kúrò, Kabirou yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Àwọn obìnrin èbúté hó yèè. Safourath sọ gèlè rẹ̀ sókè, ó jó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi.

Kabirou wá pe ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti fi fóòmù yí etí ìdérí àpótí ká, ó sì ti kan pákó dí ihò afẹ́fẹ́.

"Ìyá, ẹ má ṣí i mọ́ o. Ohun ẹlẹtirọníìkì, ọrinrin ló ń pa á. Bí nǹkan bá ṣe é, èmi ni kí ẹ pè."

Ẹ sì wò ó o, nígbà ayé Moudachirou, kò sí àárọ̀ kan tí wọn ò kọ́kọ́ ṣí ìdérí yẹn sílẹ̀, kí òórùn ẹsáǹsì tú jáde, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Safourath mọ̀. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó kàn ní "A dúpẹ́, àna mi," ó sì yíjú kúrò.

Nǹkan dùn fún ìgbà díẹ̀. Òjò ń rọ̀, ẹ́ńjìnnì ń dáhùn. Àwọn tó ń bi í nípa Kútọnu ti ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹrù wọn ṣáájú. Safourath bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ni odò.

Lẹ́yìn náà ni òórùn bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ ọ ni? Ẹsáǹsì ń jò nínú àpótí yìí."

"Inú bídọ̀n epo ló ti ń rùn."

"Bídọ̀n wà lẹ́yìn. Iwájú ni òórùn wà, abẹ́ ìdí mi ló wà."

"Aminatou!"

Màdáàmù Thècle náà sọ tirẹ̀. "Ìyá Aminatou, ẹ má bínú, orí ń fọ́ mi bí mo bá wọ ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì yẹn wò."

"Màdáàmù, ẹni tí orí bá ń fọ́ kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ."

Ẹ mọ ohun tí Safourath ṣe? Ẹ jókòó dáadáa kí n tó sọ ọ́. Ó ra lọ́fínńdà. Láràárọ̀, kí èrò tó dé, á da lọ́fínńdà sórí àpótí ẹ́ńjìnnì, á fi aṣọ nù ún kárí, kí imú àwọn èèyàn lè gbàgbé. Ó fi òórùn dídùn bo ikú mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìdí ọmọ rẹ̀ nítorí ojú àna!

Ọjọ́ kan, Aminatou mú irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó dání. "Màá ṣí i. Ohun tó bá wù wọ́n kí wọ́n wí."

Safourath dúró lójú ọ̀nà. "Bí o bá ṣí i, o ti tú mi síhòòhò láàárín ọjà. Kabirou á gbọ́, gbogbo Savalou á gbọ́. Wọ́n á ní mo gba ọ̀wẹ̀, mo sì ń ka eyín ẹni tó ṣe é."

"Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ọkọ ló ń bà ọ́. Gbé e sílẹ̀."

Aminatou gbé e sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni.

Ọjọ́ ọjà ló bọ́ sí. Ọkọ̀ kún. Okùn ṣì so mọ́ èèkàn. Gbogbo òru ni òjò fi rọ̀, àpótí ẹ́ńjìnnì sì wà ní dídé pinpin bí Kabirou ṣe pàṣẹ. Aminatou jókòó lórí rẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó wo ìyá rẹ̀.

"Yí i, ọmọ. Oòrùn ń mú bọ̀."

Ó yí i.

Gbàù!

Ìdérí àpótí fò lọ sókè. Iná pupa yọ, ó gbá Aminatou lọ sínú omi. Omi yẹn ló gbà á. Àwọn èèyàn ń já bọ́ sódò bí iṣu tó tú nínú àpò. Àwọn obìnrin èbúté ń da iyanrìn tútù àti àpò tútù lu iná náà títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n fa Aminatou jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìka dé igbọ̀nwọ́ ti di ohun tí ojú kì í fẹ́ wò, etí rẹ̀ kan sì ti jó.

Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló ń sunkún. Òun kàn ń wo ìyá náà.

Ní ilé ìwòsàn, ní Savalou, Kabirou dé pẹ̀lú ọsàn nínú àpò nílọ́ọ̀nù àti omijé lójú.

"Ìyá! Ẹ wo ohun tí àbúrò yín ṣe fún wa! Délíkò tó fi ránṣẹ́ kò dáa. Àwọn ará Kútọnu ti ta ohun tó ti kú fún un. Èmi tí mo dè é pẹ̀lú ọkàn kan!"

Safourath gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ọmọ rẹ̀ ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì gba àna gbọ́ ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí Sanoussi sáré dé láti Kútọnu, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé èébú.

"Apànìyàn! Ṣé èmi ni o fẹ́ pa ni, àbí ọmọ mi? O rí ohun ẹ̀gbin lọ́jà, o rò pé ará oko ò ní mọ̀!"

Àwọn aláìsàn mìíràn dìde jókòó láti gbọ́ran. Sanoussi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó wo ọwọ́ Aminatou, ó jáde, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Bobè. Nígbà tó padà, ó mú ohun dúdú kan wá nínú àkísà, ó gbé e sórí ilẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí nìyí?"

"Ohun tí o fi ránṣẹ́ nìyẹn."

"Rárá. Mi ò rí èyí rí láyé mi. Délíkò ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ihò ara rẹ̀ ló ní àwọ̀n wáyà. Iná tó bá ta nínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ló ń kú sí. Ẹ wo ihò èyí. Ó là gbayawu. Ara mọ́tò ilẹ̀ tó ti kú ni wọ́n ti tú u. Nínú mọ́tò, atẹ́gùn ń fẹ́, kò séwu. Nínú àpótí tí wọ́n dí pa, tí ẹsáǹsì ń jò sí, ìṣáná ni wọ́n dè síbẹ̀."

Safourath gbé ohun náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ń wá àwọ̀n wáyà tí kò sí.

"Níbo wá ni tìrẹ wà?"

"Ẹni tí ẹ gbé e fún ni kí ẹ bi."

Alùpùpù zémíjàn méjì ló gbé wọn dé garáàjì Kabirou. Kabirou ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò kan jókòó sórí táyà, àgbàlagbà, ó to iṣu sílẹ̀, àkùkọ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ó kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé mọ́tò ló ń ṣe yín ni? Ẹ dúró, ọmọ mi ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára! Amidou ni wọ́n ń pè mí, Jalúkù ni mo ti wá. Mo ní ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún. Ó fi délíkò tuntun ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún mi. Mo wá dúpẹ́ ni."

Sanoussi di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Safourath já ara rẹ̀ gbà.

"Ọ̀wẹ̀ kí ni, bàbá?"

"Ọ̀wẹ̀ àna. Ọmọ mi Wassila ló fẹ́ fẹ́. Ẹ ò mọ̀? Lẹ́yìn ìkórè ni."

"Délíkò náà, ṣé ó ní àwọ̀n wáyà lára ihò rẹ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọ̀n kéékèèké báyìí! Òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí. Ó ní ti ọkọ̀ ojú omi gidi ni, ó ní Kútọnu lòun ti lọ wá a." Ẹ̀rín Amidou dúró lójijì. "Kí ló dé tí ẹ fi ń wò mí bẹ́ẹ̀?"

Kabirou gun alùpùpù rẹ̀ wọlé lásìkò yẹn gan-an. Ó rí Safourath. Ó rí Amidou. Ó rí ohun dúdú tó wà lọ́wọ́ Sanoussi. Ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́ta, kò rí èdè kankan sọ.

"Sọ̀rọ̀, àna mi," ni Safourath wí. "Àna àwa méjèèjì, sọ̀rọ̀!"

"Ìyá... ẹ fara balẹ̀. Mùsùlùmí ni mí. Mo lè fẹ́ ju ẹyọ kan lọ."

"Fẹ́ mẹ́rin! Ta ló dá ọ dúró? Obìnrin méjì lo fẹ́ fẹ́, délíkò kan lo ní, kì í sì í ṣe tìrẹ! O mú èyí tó dáa fún wọn ní Jalúkù, o wá de òkú irin sábẹ́ ọmọ mi!"

"Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ bí mo bá rí òmíràn..."

"Ìgbà wo? Kí ó tó jó ni, àbí lẹ́yìn tó bá jó tán?"

Amidou dìde. Ó tú okùn ẹsẹ̀ àkùkọ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu rẹ̀ padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wo Kabirou mọ́.

Ẹ̀yin á rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ẹ ò mọ àwọn àgbà wa nìyẹn.

Àwọn ẹbí Kabirou dé Bantè láti wá bẹ̀bẹ̀. Bàbá Bachirou, ẹ̀gbọ́n Moudachirou, olórí ẹbí, pe gbogbo ilé jọ. Safourath rò pé lílé ni wọ́n máa lé wọn. Bàbá Bachirou họ irùngbọ̀n.

"A ti gba ọ̀wẹ̀ ọmọkùnrin yìí. Iyán wa ló jẹ lé e. Ọmọ ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ó ṣàṣìṣe, ó ti bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa: pẹ̀lú ọwọ́ tó ti rí báyìí, ta ni ẹ rò pé ó tún máa wá?"

Aminatou wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń díyelé ewúrẹ́ tó yarọ.

Kabirou dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo fi Kùránì búra, mi ò mọ̀ pé ó léwu. Lójú tèmi, délíkò ni délíkò. Ká ní mo mọ̀, ṣé màá fi sábẹ́ ìyàwó mi?"

Àwọn àgbà ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ẹni tí kò mọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un?

Safourath dìde. Kò pariwo. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ tó rọlẹ̀ ló dẹ́rù bà wọ́n.

"Ó dáa. Kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sódò."

Sanoussi ti tún àwọn wáyà tó jó ṣe, ó sì ti dá ohun dúdú yẹn padà sídìí ẹ́ńjìnnì, torí Safourath ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tún ìdérí dé àpótí náà, wọ́n fi fóòmù mìíràn yí i ká, wọ́n sì dí ihò afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí Kabirou ṣe ṣe é. Òórùn ẹsáǹsì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Safourath lé gbogbo èèyàn sórí ilẹ̀. Ó nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí Kabirou.

"Àna mi, jókòó síbi tí ọmọ mi jókòó sí. Ìwọ lo ní kò séwu tí o mọ̀ nípa rẹ̀. Yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn, mú Aminatou lọ lónìí, màá fẹnu mi súre fún yín."

"Ìyá..."

"Jókòó!"

Ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Bàbá Bachirou ní, "Jókòó, ọmọ, kí ọ̀rọ̀ tán." Kabirou wọ inú ọkọ̀. Ó jókòó sí etí àpótí, ìdajì ìdí. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Òógùn ń ṣàn wọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó di kọ́kọ́rọ́ mú, kò yí i. Ó wo ìdérí. Ó wo èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́... ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí yìí ná. Kí òórùn rẹ̀ jáde."

Àwọn èrò sún sẹ́yìn kúrò létí omi.

Bàbá Bachirou ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí lo wí?"

Kabirou fa ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

"Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n má ṣí i mọ́?"

Kabirou fò bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó já lu omi, ó gba ẹ̀bá odò sá lọ, bàtà rẹ̀ kan kù sínú ẹrẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ̀lé e, wọn ò dágbére. Àwọn obìnrin èbúté hó lé wọn lórí, èébú tí wọ́n bú u, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Safourath tó gbọ́ pé Sanoussi ti yọ wáyà bátìrì kí wọ́n tó dé, pé kódà kí Kabirou yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, iná kankan ò ní ta. Ó bínú sí àbúrò rẹ̀ fún un. Mi ò dá a lẹ́bi.

Wọ́n gbé Safourath gẹ̀gẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Obìnrin bí ọkùnrin!" "Ìyá Aminatou, ẹ ṣe é!" Àní Bàbá Bachirou, tó fẹ́ fi ọmọ náà tọrẹ láàárọ̀, ń sọ pé ojú òun ti rí i tipẹ́. Ẹ gbọ́ ẹnu àgbà!

Safourath kọjá láàárín wọn, ó tọ Aminatou lọ níbi tó dúró sí.

"Ọmọ mi, o rí i? Mo ti lé e."

"Mo rí i, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Kí ló wá dé tí ojú rẹ rí bẹ́ẹ̀?"

Aminatou fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà. "Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Imú yín gbọ́ òórùn yẹn kí tèmi tó gbọ́ ọ. Ẹ ra lọ́fínńdà."

 

Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín tìbínú-tìbínú: ẹ yẹ iṣẹ́ àna yín wò. Ẹ ṣí ìdérí. Bí inú bá bí i, kí inú bí i, kó kó ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Bí àna kan bá lọ, tí ọmọ yín ò kú nítorí ojú rẹ̀, àna mìíràn ń bẹ níta.

Amidou fúnra rẹ̀ tú délíkò tó dára náà kúrò nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbé e wá sí Bantè. Sanoussi ló dè é, lójú gbogbo èèyàn, láì ta tapólì kankan. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òjò ni o, ìrì ni o, bí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, gẹ́gẹ́ bí Safourath ṣe fẹ́ ẹ.

Aminatou bá Sanoussi lọ sí Kútọnu. Bí ọdún Iléyá bá dé, á wá, á kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, á bi í nípa iṣu, á bi í nípa odò. Kì í sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹlòmíràn ló ń jókòó lórí àpótí ẹ́ńjìnnì.